"Ọmọkùnrin-màlúù" kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi darandaran sílẹ̀ sáyè ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin èèyàn mi. A ń wá orúkọ Yorùbá fún káòbọ́ì, ìyẹn àwọn agẹṣin tó ń da màlúù ní Amẹ́ríkà, ni ẹ̀gbọ́n wa kan bá kọ ọ́ lánàá pé ká máa pè wọ́n ní "ọmọkùnrin-màlúù", inú bí mi débi tí mi ò rí oorun sùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àbúrò yín ni mo jẹ́, àmọ́ kí ni wọ́n ń pè ní ọmọ màlúù nílé yín? Ṣebí ọmọ tí màlúù bí ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, akọ ọmọ màlúù ló máa rò, kò ní ronú kan èèyàn tó gun ẹṣin rárá. Bọ́yì tó wà nínú káòbọ́ì yẹn gan-an, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Amẹ́ríkà níbí mọ̀ pé èébú ni tí wọ́n bá pe àgbà ọkùnrin aláwọ̀ dúdú bẹ́ẹ̀. Bose Ikard, káòbọ́ì aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Mississippi, tó bá Charles Goodnight, ọlọ́sìn màlúù ní Texas, da màlúù tó fi jẹ́ pé ọwọ́ ẹ̀ ni Goodnight ń kó owó sí, ṣé ọmọkùnrin lẹ fẹ́ pè é?

Ẹnì kejì ní ká lo "ọ̀daran", ìyẹn ẹni tó ń da ẹran. Ha! Ẹ gbé àmì ìsàlẹ̀ kan ṣoṣo lé "ran" yẹn, ọ̀daràn ló dà yẹn, ẹni tí ọlọ́pàá ń wá, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ wa kì í fi àmì sí i tá a bá ń tẹ̀wé lórí fóònù.

Ẹnì kẹta ló bi mí ní ìbéèrè gidi, ó ní káòbọ́ì òde òní ò da nǹkan kan mọ́, báwo la ṣe fẹ́ máa pè é ní darandaran? Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní 1867 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da màlúù láti Texas lọ sí Abilene ní Kansas níbi tí rélùwéè wà, èèyàn bíi 10 sí 12 lẹ́yìn màlúù tó lé ní 2,000, owó oṣù ò ju bíi dọ́là 30 sí 40 lọ. Ìgbà tí Joseph Glidden gbàwé àṣẹ wáyà ẹlẹ́gùn-ún ẹ̀ ní 1874, tí ọgbà wá gba gbogbo ilẹ̀, iṣẹ́ yí padà. Mo fojú ara mi rí káòbọ́ì òde òní kan nígbà tí ọ̀rẹ́ ibiṣẹ́ mi mú mi lọ sóko bàbá ẹ̀ ní Texas níhìn-ín, látàárọ̀ wáyà ló ń tún ṣe, ìbọ̀wọ́ ẹ̀ ti ya ní àtàǹpàkò méjèèjì, àfìgbà tí ọmọ màlúù kan já lọ, ló bá fò sórí ẹṣin, ó ju okùn olójóbó lẹ́ẹ̀kan, ó ti bọ́ sí i lọ́rùn. Kò ní màlúù kan ṣoṣo níbẹ̀, alágbàṣe ni.

Àmọ́ ṣé torí ìyẹn la ó ṣe sọ "da" nù? Awakọ̀ ńkọ́? Ta ló ń fi àjẹ̀ wa mọ́tò? Ọkọ̀ ojú omi la kọ́kọ́ ń wà, orúkọ sì dúró títí kan ẹni tó ń wa bàálù. Darandaran agẹṣin ni tèmi. Gàárì, ìjánu, àlùkẹ́ḿbù, gbogbo ẹ̀ ti wà lẹ́nu wa kí òyìnbó tó dé, kí ló kù tá a fẹ́ yá? Àwọn tó ní darandaran ti bàjẹ́ torí wàhálà àwọn tó ń da ẹran wọ oko olóko nílé, ọ̀rọ̀ ò jẹ̀bi o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká pe oko ńlá tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń sin màlúù ní gáà, bíi ti àwọn Fúlàní, mi ò gbà. Gáà, ilé ni, tìyàwó tọmọ ló ń gbé ibẹ̀.

Ẹni tó sì kọ "wọ́n ń da ẹran jẹ" lẹ́ẹ̀mẹta nínú lẹ́tà kan, jẹ̀ ni o, jẹ̀! Bàbá bàbá mi ní Ìgbòho, tẹ́ ẹ bá sọ "ẹran ń jẹ" létí ẹ̀, á dìde lórí àga, á ní, "Ó ń jẹ kí ni? Ṣé àgbàdo mi ni?"