Ilé ìwé ìjọba tí kò ní nọ́ọ̀sì: kí lojú yín rí?

Tísà, Múṣin:

Òjò ìdájí ló pa ọmọ náà dé ilé ìwé. Ọmọ SS ni, ìyẹn ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde. A ò tíì kúrò ní asẹ́ńbílì tó ti di orúnkún mú, ó ní, "Àǹtí, ẹsẹ̀ ń ro mí." Mo bọ́ aṣọ tútù lára rẹ̀, mo fi súwẹ́tà mi wé e, mo ń fún un lómi díẹ̀díẹ̀, torí òtútù àti òǹgbẹ wà lára ohun tó ń jí ìrora fòníkú-fọ̀la-dìde. Ìyẹn yé mi. Ojú rẹ̀ tó ń funfun ni kò yé mi. Ṣé ìrora lásán ni, àbí ẹ̀jẹ̀ ló ń tán lára rẹ̀?

Ìdúmọ̀tà ni ìyá rẹ̀ ti ń tajà. Mo pè, mo pè, kò gbé e. Ọ̀gá wa ní a ò gbọdọ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ lóògùn. Bó bá di wàhálà, ta ló máa jẹ́jọ́ rẹ̀? Mi ò lè bá wọn jiyàn. A ní yàrá aláìsàn o! Àga tó ti kán ló kún inú rẹ̀. Nínú àpótí ìtọ́jú, òwú, báńdéèjì àti ìgò sípíríìtì tó ti gbẹ ni mo bá.

Mo gbé e wọ kẹ̀kẹ́, ó di ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ mi ò tíì béèrè orúkọ tó ti fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó tẹ abẹ́ ìhà òsì rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣàdédé kóra jọ síbẹ̀ lára àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ikùn á le, ọmọ á funfun, tí wọn ò bá sì tètè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, ó lè kú lọ́jọ́ náà gan-an. Tiwa ò tíì dé ibẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àyẹ̀wò yẹn ṣe kéré tó! Kò gba ẹ̀rọ, kò gbówó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kò sí nílé ìwé wa, níbi tí ọmọ pọ̀ bí eṣú.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Sùúrùlérè:

Àǹtí, Ọlọ́run á bá wa tọ́jú tiyín náà. Ikọ́ fée ló ń ṣe ọmọ tèmi. Wọ́n ní kí ínhélà rẹ̀ máa wà lọ́dọ̀ tísà, tísà tì í mọ́nú dúrọ́ọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbá kíláàsì nígbà ọyẹ́ tí eruku mú un, tísà ti lọ sípàdé. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ló sáré wá pè mí nílé. Inú ń bí mi dòní. Kì í ṣe sí tísà o. Iṣẹ́ mélòó ni wọ́n fẹ́ kó ṣe?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Yábàá:

Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, a máa ń lọ láti ilé ìwé kan sí òmíràn: à ń yẹ ojú wò, etí, awọ ara, à ń fún wọn lóògùn aràn. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ti wà nÍlùú Ọba báyìí, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi, owó oṣù ibí kò tó nǹkan. Látọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní ìlànà lórí ìlera ilé ìwé. Ìwé wà, èèyàn ni kò tó. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣírò pé ọmọ tó lé ní 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú fòníkú-fọ̀la-dìde ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Kíláàsì yín ni wọ́n ń bọ̀.

Ní tèmi, ká má dúró de ìgbà tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan máa ní nọ́ọ̀sì tirẹ̀. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ò jìnnà sí ọ̀pọ̀ ilé ìwé. Kí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní ọjọ́ tó ń wá, kó mọ àwọn ọmọ SS, ikọ́ fée àti wárápá lórúkọ. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó, 767 tàbí 112, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri. Tísà Múṣin, Sickle Cell Foundation, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ fòníkú-fọ̀la-dìde, tó wà ní Ìdí-Àràbà, lọ́wọ́ iwájú ọsibítù LUTH, ò jìnnà sí yín. Ẹ lọ béèrè bóyá wọ́n lè wá bá àwọn tísà yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ pè mí, màá tẹ̀ lé yín.