Báwo ni ó ṣe yẹ kí a tọ́ ọtí dúdú Jámánì yìí wò?

Ará Ìtọ̀rò, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ọmọ Alárè, ẹ kú déédéé ìwòyí o. Àna mi kan tí ó ń gbé ní Jámánì gbé páálí ọtí kan wá fún régbẹ́régbẹ́ wa, nítorí Ojúde Ọba tí ń bọ̀. Ayinger Celebrator ni orúkọ tí ó wà lára ìgò, wọ́n sì fi okùn so òbúkọ funfun kékeré kan mọ́ ọrùn ìgò kọ̀ọ̀kan. A ti ṣí ọ̀kan wò. Ó dúdú bíi Guinness, ṣùgbọ́n kò korò tó o. Adùn mọ́ọ̀tì ni ó kọ́kọ́ bá ahọ́n, ooru ọtí sì tẹ̀ lé e nígbà tí ó ń sọ̀ lọ́fun. Àwọn kan nínú wa ní wọ́n fi ṣúgà sí i ni, àwọn mìíràn sì ní mọ́ọ̀tì ẹlẹ́rìndòdò lásán ni, tí wọ́n wá bu ọtí líle là. Mo fẹ́ mọ ibi tí adùn náà ti wá, bí ó ṣe yẹ kí ó tutù tó, àti èwo nínú oúnjẹ wa ni ó bá a lọ, nítorí pé àwọn àgbà yóò bá wa mu nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ọtí tí ó níyì báyìí ṣòfò lọ́wọ́ wa.

Ará Mákùn, Ṣàgámù

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ilé iṣẹ́ ìpọntí ni mo ti ń jẹun, inú mi sì dùn púpọ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí.

Kò sí ṣúgà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bu ọtí líle là á. Doppelbock ni wọ́n ń pe irú ọtí bẹ́ẹ̀. Mọ́ọ̀tì báálì (irú ọkà kan), òdòdó hóópù tí ó ń mú ọtí korò, omi àti ìwúkàrà nìkan ni òfin Jámánì gbà kí wọ́n fi pọn ọ́n, òfin náà sì ti fìdí múlẹ̀ láti inú èyí tí wọ́n ṣe ní Bavaria, ní gúúsù Jámánì, ní 1516. Inú ọkà ni adùn náà ti wá. Ẹni tí ó bá ti bá àwọn ìyá wa pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ rí mọ̀ pé wọ́n á kọ́kọ́ rẹ àgbàdo sómi, wọ́n á jẹ́ kí ó hù, wọ́n á sì sá a kí ó gbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí báálì kí ó tó di mọ́ọ̀tì nìyẹn, àfi pé ooru iná ni àwọn Jámánì fi ń gbẹ tiwọn, àti pé mọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Munich, tí ó sábà máa ń pọ̀ jù nínú doppelbock, ń jẹ ooru ju mọ́ọ̀tì bíà funfun lọ, títí tí òórùn rẹ̀ yóò fi dà bí ti etí búrẹ́dì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ààrò. Ọ̀pọ̀ apọntí Bavaria tún máa ń bu apá kan nínú ọkà tí wọ́n ti pò mọ́ omi, wọ́n á sè é títí yóò fi hó, wọ́n á sì dà á padà sórí ìyókù. Síse yìí ni ó ń mú kí àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ túbọ̀ jinlẹ̀.

Mọ́ọ̀tì inú rẹ̀ pọ̀ ní tòótọ́. Kí wọ́n tó da ìwúkàrà sí i, nínú 100 gíráàmù omi mọ́ọ̀tì náà, ó kéré tán 18 ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ó ti ara ọkà jáde, nígbà tí ti bíà ojoojúmọ́ kì í sábà ju 12 lọ. Ìwúkàrà kò lè jẹ gbogbo rẹ̀ tán: èyí tí ó jẹ ni ó di ọtí, èyí tí ó ṣẹ́ kù ni adùn tí ẹ tọ́ wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ní ibi tí ó tutù gan-an, kí ó lè tòrò, kí ó má sì ha ọ̀fun. Ti Guinness yàtọ̀ pátápátá, nítorí báálì tí a yan títí ó fi dúdú ni ó fún un ní ìkorò rẹ̀.

Àwọn mọ́ǹkì Paulaner, ìyẹn àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tí wọ́n jọ ń gbé nínú ilé ìsìn, ní ìlú Munich ni ó bẹ̀rẹ̀ irú ọtí yìí. Wọ́n ń mu ún nígbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì, nígbà tí oúnjẹ kò pọ̀, kí ó lè gbé wọn ró. Salvator ni ti wọn ń jẹ́.

Ará Ìjẹ̀bú-Igbó

Ará Mákùn ti sọ ti inú ìkòkò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti inú ife. Ẹ má ṣe gbé e sínú fírísà rárá. Bí ọtí yìí bá tutù bíi yìnyín, ahọ́n yóò kú, òórùn rẹ̀ kò ní jáde, gáàsì àti ooru ọtí nìkan ni ẹ óò máa mu. Ẹ gbé e jáde nínú fíríìjì ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i, kí ó lè wà ní àyíká ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ bù ú dé ìlàjì ife, kí ẹ sì gbé e sójú ìmọ́lẹ̀: ẹ óò rí i pé kì í ṣe dúdú bí ó ti jọ, pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tàn pupa, àti pé ìfófòó orí rẹ̀ pọ́n díẹ̀. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó mu ún. Mo máa ń gbóòórùn dàbínù nínú rẹ̀, àti ti ṣúgà tí iná ti bà. Ẹ mu ún díẹ̀díẹ̀, nítorí bí ife náà ṣe ń lọ́wọ́ọ́rọ́ ni òórùn rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀jọ̀jọ̀ ni mo fara mọ́ jù lọ, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti pọ́n dáadáa nínú epo. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín àti ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ náà bá a lọ. Bí ẹ bá fẹ́ se ìkòkórẹ́, ẹ dín ata rẹ̀ kù, torí pé ọtí tí ó lágbára báyìí máa ń mú kí ata jó ni lẹ́nu sí i. Kí àwọn àgbà má sì jẹ obì kí wọ́n tó tọ́ ọ wò: ẹni tí ó bá jẹ obì tán, omi lásán ń dùn lẹ́nu rẹ̀, áḿbọ̀tórí ọtí tí ó ti dùn tẹ́lẹ̀.

Ará Ìpẹ̀rù

Mo gba ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀yin méjèèjì, ṣùgbọ́n ìwọ̀n 10 kò ní dúró lójú oòrùn Ojúde Ọba. Kí ó tó dé ọwọ́ àgbà kejì, yóò ti gbóná. Ní tèmi, ilé ni kí ẹ ti mu ún ní alẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí ẹṣin àti ariwo bá ti lọ tán, kí ẹ sì lo ife kékeré. Ọtí inú Celebrator jẹ́ 6.7 nínú 100, ti Salvator sì jẹ́ 7.9, bẹ́ẹ̀ ni bíà tí ọ̀pọ̀ wa ń mu kò ju nǹkan bí 5 lọ. Ìgò kan lè tó ènìyàn méjì. Títí di ọjọ́ náà, ẹ gbé páálí yẹn kúrò nínú búùtù ọkọ̀, bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ gbé e sí yàrá tí oòrùn kì í wọ̀.