Ẹ gbà mí o, kókó dúdú lójú ara màámi

Ọmọ Mọníyà: Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin ìyá wa. Màámi ti pé 70, ọmọ méje ni wọ́n bí, àná tí mò ń bá wọn fọṣọ ni mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ kán sí pátá wọn, mo bi wọ́n títí kí wọ́n tó fi hàn mí. Kókó kéékèèké bí orí ìṣáná ni, ó tó mẹ́jọ lápá òde ojú ara wọn, àwọn kan pọ́n, àwọn kan dú bí kóró iṣin. Kò dùn wọ́n, ó kàn máa ń yún wọn, wọ́n á sì họ ọ́. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní Bódìjà ló ní àrùn ìbálòpọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ bàbá wa ti kú tipẹ́, àtìgbà tí ọ̀rẹ́ wọn ti sọ bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ò ti lọ lẹ́nu wọn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni mo máa ṣe?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí màmá. Bẹ́ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí, ó jọ angiokeratoma, iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹẹrẹ abẹ́ awọ ló fẹ̀ tí awọ orí ẹ̀ wá nípọn. Kì í ranni, kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀ rárá. Oyún púpọ̀, jẹ̀díjẹ̀dí, ìgbẹ́ líle téèyàn ń fipá yà, gbogbo ẹ̀ ló lè fa kí ẹ̀jẹ̀ máa ti iṣan ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin náà ń ní in lára awọ kórópọ̀n, tiwọn ni dókítà Fordyce kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1896. Àmọ́ mi ò fojú rí ti màmá o, èyí tó dúdú yẹn lè jọ jẹjẹrẹ awọ, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó. Ẹ sì rí i dájú pé ara kókó yẹn lẹ̀jẹ̀ ti ń wá, torí tó bá jẹ́ pé inú ló ti ń wá, obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dáwọ́ dúró ò gbọ́dọ̀ fi falẹ̀ rárá.

Ìyá Ìbejì Mọ́kọ́lá: Èmi náà ní in. Wọ́n ní kí n fi ọṣẹ dúdú àti álọ́ọ̀mù pa á, ó bó, mi ò lè jókòó dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má dán an wò. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà awọ ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Ìbàdàn yẹn, wọ́n fi awò kékeré kan tó ní iná wò ó, wọ́n ní kí n fi èyí tó kù sílẹ̀, méjì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nìkan ni wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ sí tí wọ́n fi iná jó, ọjọ́ náà ni mo padà sílé.

Ọmọ Mọníyà: Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ka ti Nọ́ọ̀sì fún wọn, wọ́n ní kí n tún un kà, ibi tó ti ní kì í ṣe àrùn ìbálòpọ̀ yẹn. Wọ́n ti béèrè àmàlà. Ọjọ́ Ajé la máa lọ UCH.