"Aláìlágbára" kọ́: lórí orúkọ tí a ń wá fún chiropraxie

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín láti Kétu.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ dábàá pé kí a máa pe chiropraxie, iṣẹ́ àwọn tó ń fọwọ́ tọ́jú oríkèé ara, pàápàá ti ẹ̀yìn, ní "teguntegun", kí a sì pe irú rẹ̀ tí wọ́n ń rọra ṣe ní "teguntegun aláìlágbára". Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gba ìkankan nínú méjèèjì.

Nígbà tí àbúrò mi fi alùpùpù ṣubú lọ́nà Ìlárá, teguntegun la gbé e lọ bá. Bàbá náà fi ọparun há ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ó sì fi aṣọ dì í. Eegun tó kán ló ń tò. Ẹni tí à ń wá orúkọ fún yìí kì í to eegun tó kán, oríkèé ló ń bá ṣiṣẹ́, pàápàá ibi tí eegun 24 tó gun ara wọn láti ọrùn dé ìbàdí ti so pọ̀. Ìró "kọ́" tí àwọn èèyàn ń gbọ́ pàápàá, afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ló ń dún, eegun kankan ò kúrò níbì kan bọ́ sí ibòmíì.

"Aláìlágbára" ló dùn mí jù. Bí ẹ bá ti ẹnì kan lójijì, iṣan rẹ̀ á ti le koko kí ó tó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan nínú àwọn oníṣẹ́ chiropraxie kì í fi í lọ́ ọrùn, tí wọn kì í sì í fa ẹ̀yìn tagbára-tagbára. Òmíì ń lo irinṣẹ́ kékeré onísípíríìngì tó kan ara wéré, kí iṣan tó ráyè gan. Òmíì ní ibùsùn tí apá kan rẹ̀ ń já wálẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ aláìsàn. Ẹ wo ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ tuntun: bí ọmọ bá gan apá, kò ní fà á. Á fi àtàǹpàkò tẹ èjìká rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, á dúró, títí ọmọ á fi dẹ ọwọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyá mi á ní, "Ó ti gbà." Ṣé aláìlágbára ni ọwọ́ yẹn? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ̀sọ̀ ni orúkọ tí Yorùbá ti fún un tipẹ́.

Ọ̀rẹ́ wa ará Ṣábẹ̀ẹ́ ní kí a tẹ̀ lé ìtumọ̀ ti Gíríìkì, ọwọ́ àti ṣíṣe, kí a pè é ní "ìfọwọ́ṣe". Òótọ́ ni pé láti inú Gíríìkì ni wọ́n ti fa orúkọ náà yọ fún Palmer, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Davenport, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1895. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ náà ń fọwọ́ ṣe, ahunṣọ náà ń fọwọ́ ṣe.

Èyí tí mo mú wá ni ìtọ́ríkèé, kí oníṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ atọ́ríkèé, kí èyí tí à ń rọra ṣe jẹ́ ìtọ́ríkèé ẹlẹ́sọ̀. "Tò" ni ti teguntegun, "tọ́" ni tèmi: bí a ṣe ń tọ́ ọmọ, tí a sì ń tọ́ ni sọ́nà. Ẹnì kan á ní ó jọ itọ́ ẹnu. Àmì ohùn ló yà wọ́n, ẹ jẹ́ ká máa fi í sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, kí orúkọ náà má ṣèlérí ju iṣẹ́ lọ, nítorí náà mi ò fẹ́ "ìwòsàn" nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn dídùn ni ẹ̀rí rẹ̀ wà fún dé ìwọ̀n kan, kì í ṣe fún gbogbo àìsàn. Lílọ́ ọrùn tagbára-tagbára sì lè ya òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ọpọlọ, bó tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n.

Ó ku ìró "kọ́" yẹn. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́, kí lẹ̀ ń pè é nílé?