Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ sí Sweden àti Norway, bípì àti ṣúgà ló ń kọ wá lóminú

Tíṣà Òkè-Ẹlẹ́rin:

Ẹ kú dédé ìwòyí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ èyí, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ti pé ẹni ọdún 69, ìyàwó mi jẹ́ 65. Ọmọ wa obìnrin tó ń gbé ní Malmö ní Sweden ló ń pè wá ṣáá pé ká wá wo òun àtàwọn ọmọ, ó ní a máa gba Copenhagen ní Denmark wọlé, a máa dé Stockholm, lẹ́yìn ìyẹn a máa wọ rélùwéè láti Oslo lọ sí Bergen ní Norway, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lápapọ̀. Inú mi dùn sí i gan-an, torí láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé Norway ni panla ti ń wá, mo fẹ́ fojú ara mi rí ibẹ̀.

Ara ni ò jẹ́. Èmi ní bípì, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń lo amlodipine, orúnkún mi méjèèjì ò sì jẹ́ kí n lè gun àtẹ̀gùn dáadáa mọ́. Ìyàwó mi ní ṣúgà, abẹ́rẹ́ ínsúlínì ló ń gbà láàárọ̀ àti lálẹ́. Láti ilé wa dé Tákí nínú ìlú níbí gan-an à ń sinmi lọ́nà. Ọmọ wa ní ká wá bá wọn ṣọdún Kérésì, àbúrò mi ní ká má dán an wò, pé òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ti ọyẹ́ tá a mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rin irú ìrìn yìí rí kó gbà mí nímọ̀ràn. Báwo la ṣe máa gbé ínsúlínì dé ọ̀hún tí kò ní bàjẹ́, kí la sì máa ṣe tí ara ọ̀kan nínú wa bá yí padà?

Ìyá Ìbejì Ọ̀yọ́:

Bàbá Tíṣà, ẹ kú ilé o. Èmi àti bàbá wa lọ sí Stockholm lọ́dún 2019, bàbá wa náà ní ṣúgà, mo máa sọ tiwa kó má bàa ṣe yín bẹ́ẹ̀. Inú báàgì ńlá tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni ní èapọ́ọ̀tì ni mo kó gbogbo ínsúlínì sí, mo faṣọ wé e dáadáa, mo rò pé mo tọ́jú ẹ̀ ni. A débẹ̀, bàbá ń gba abẹ́rẹ́ bó ṣe máa ń gbà á, ṣúgà ò wálẹ̀, ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, ó ń tọ̀ ṣáá, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ojú ẹ̀ ti jìn wọnú. Ìgbà tá a gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ni wọ́n tó ní ó jọ pé ínsúlínì yẹn ti dì nísàlẹ̀ ọkọ̀ òfurufú, pé tó bá ti dì rí, kò níṣẹ́ tó ń ṣe mọ́, bó tiẹ̀ yọ́ padà. Wọ́n fún wa ní tuntun, ara ẹ̀ bọ̀ sípò, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Owó ẹ̀ ló wá kù. Ínṣọ́ránsì tá a rà ní kò kan àwọn, wọ́n ní àìsàn tó ti wà lára ẹ̀ ká tó kúrò nílé ni. Èmi rò pé èyí tá a fi gba físà ti tó! Àwọn tó ń fúnni ní físà Schengen, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó wọ ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, máa ní kó má dín ní 30,000 yúrò, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iye yẹn ò sọ irú àìsàn tí wọ́n máa sanwó ẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ní bípì, ìyá ní ṣúgà, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn máa san tó bá dìde lọ́hùn-ún. Á wọ́n ju èyí tó kù lọ, ẹ rà á bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà Sábó:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà, ẹ bá mi kí ìyá. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ìyá Ọ̀yọ́. Ínsúlínì tí ẹ ò tíì ṣí, inú fíríìjì ló ń gbé, kì í ṣe ibi tó ń dì. Èyí tí ìyá ń lò lọ́wọ́ lè wà níta fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ooru ò bá pọ̀ jù. Báàgì ọwọ́ ni gbogbo ẹ̀ máa wà, tẹ́ ẹ bá kó o sínú fùlásìkì, yìnyín ò gbọdọ̀ fara kan ìgò ẹ̀. Kí dókítà kọ lẹ́tà, kó kọ orúkọ oògùn gan-an, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ fún un, torí orúkọ tó wà lára páálí níbí lè má sí lọ́hùn-ún. Ẹ fi oògùn ọ̀sẹ̀ kan lé ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ má tú u sínú ọ̀rá.

Ti aago tí ìyá á fi máa gba abẹ́rẹ́ ò le rárá. Wákàtí kan péré ni Sweden fi ṣáájú wa nígbà ooru wọn, nígbà òtútù aago kan náà la jọ ń lò.

Ìrìn ẹsẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Tí ìyá bá ń rìn ju bó ṣe ń rìn nílé lọ, ṣúgà ẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, iye ínsúlínì tó ń gbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè pọ̀ jù fún un lọ́hùn-ún, ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó lọ. Kí kóró ṣúgà wà lápò ìyá, kó wà lápò tiyín náà, tó bá ti ń làágùn, tọ́wọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò já gaara mọ́, ẹ fún un kíá.

Bàbá, amlodipine máa ń jẹ́ kẹ́sẹ̀ wú, ìjókòó pípẹ́ náà sì ń jẹ́ kó wú, ẹ máa dìde rìn nínú ọkọ̀, ẹ máa mu omi. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú tó sì ń ro yín, ẹ wá dókítà lójú ẹsẹ̀. Kí lẹ̀ ń lò fún orúnkún? Diclofenac àti ibuprofen máa ń gbé bípì sókè o. Tó bá sì jẹ́ tramadol, ẹ má gbé e lọ láìsí ìwé, oògùn tí ìjọba ń ṣọ́ lójú méjèèjì ni lọ́hùn-ún.

Ọmọ Ìjẹ̀rù:

Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ o. Malmö níbí lèmi náà ń gbé. Ẹ má wá ní Disẹ́ńbà. Inú ilé gbóná dáadáa, ojú ọ̀nà tó ń yọ̀ ni ẹ̀rù, èèyàn á kàn rí ara ẹ̀ nílẹ̀ ni, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú. Oṣù kẹfà ló dáa, kìkì pé ilẹ̀ kì í ṣú títí di bí aago mẹ́wàá alẹ́, kí ọmọ yín wá kọ́tìnnì tó dúdú sí yàrá yín torí àìsùn ò dáa fún bípì.

Copenhagen lẹ ti máa sọ̀ lóòótọ́, kì í ṣe Stockholm. Láti inú èapọ́ọ̀tì lẹ ti máa wọ rélùwéè, á gba orí afárá Øresund tó so Denmark àti Sweden pọ̀, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2000, kò tó wákàtí kan tẹ́ ẹ fi máa dé Malmö, ẹ jẹ́ kí páspọ́ọ̀tì wà lọ́wọ́ torí wọ́n lè bèèrè ẹ̀ lójú ọ̀nà. Físà kan náà ló wọ orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Sweden ni kẹ́ ẹ ti gbà á torí ibẹ̀ lẹ ti máa pẹ́ jù. Ẹ sì sọ fáwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, pé ẹ fẹ́ wíìlíṣéà, ọ̀fẹ́ ni. Bàbá tèmi kọ̀ ọ́ nígbà tí wọ́n wá, wọ́n láwọn ṣì lè rìn, kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ páspọ́ọ̀tì, wọn ò lè mí dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ gbà á.

Tí nǹkan bá ṣe yín lójijì, 112 lẹ máa pè ní Sweden àti Denmark, 113 ni ti áńbúláǹsì ní Norway. Tí kò bá le, 1177 ni ti Sweden, nọ́ọ̀sì ló máa gbé e, á sọ ibi tó yẹ kẹ́ ẹ lọ. Paracetamol wà ní kẹ́mísìtì, Alvedon ni wọ́n ń pè é ní Sweden, Panodil ní Denmark, Paracet ní Norway.

Ti Stockholm, ẹ fi sílẹ̀ nígbà yìí, wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ni nínú rélùwéè láti ọ̀dọ̀ wa, ẹ ò lè pa á pọ̀ mọ́ Bergen kí ara gbà á. Bergen ni kẹ́ ẹ dì mú. Bíi wákàtí méje lẹ máa fi jókòó láti Oslo, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú ọkọ̀, Finse tó jẹ́ ibùdókọ̀ tó ga jù lọ́nà wà ní mítà 1,222, ìlú Jos náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó bẹ́ẹ̀, kò ní ṣe bípì yín ní nǹkan kan. Ní ti panla, Lofoten lókè réré ní àríwá ni wọ́n ti ń sá a sórí igi, àmọ́ Bergen ni wọ́n ń kó o wá tà láti ayé àtijọ́, àwọn ilé onígi ibi tí wọ́n ti ń ṣòwò ẹ̀ ṣì wà létí omi, Bryggen ni wọ́n ń pè é, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Ẹ mú agbòjò o, òjò Bergen kì í dá. Kí ìyá sì ṣọ́ra fún ẹja tí wọ́n ń rẹ sínú ìgò níbí, ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀.

Tíṣà Òkè-Ẹlẹ́rin:

Ọlọ́run á san án fún gbogbo yín. Ìyàwó mi ní kí n kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. A ti pe ọmọ wa, oṣù kẹfà la fi sí, a ti yọ Stockholm kúrò. Diclofenac ni mò ń lò fún orúnkún, nọ́ọ̀sì, ọ̀la Mọ́ńdè ni mo máa lọ rí dókítà nítorí ẹ̀. Ó ku ẹyọ kan, ìyá ní òun fẹ́ kó èlùbọ́ láfún, ẹran gbígbẹ àti wàrà lọ fáwọn ọmọ, ṣé wọ́n máa jẹ́ ká kó o wọlé?

Ọmọ Ìjẹ̀rù:

Èlùbọ́ ò ní wàhálà sà. Ẹran àti wàrà, rárá o, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n kó o wọ Yúróòpù látita, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ìyá ni. Panla sì wà níbí.