Kí lẹ fi ń wọn ẹni tó fẹ́ ṣe ààrẹ?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Káàdì ìdìbò ti wà lọ́wọ́ mi, àmọ́ mi ò tíì mọ ẹni tí màá dìbò ààrẹ fún. Òfin Nàìjíríà ò kúkú béèrè púpọ̀: ọmọ bíbí ilẹ̀ wa, ọmọ ọdún 35 (40 ni kí wọ́n tó yí i padà lọ́dún 2018), ẹgbẹ́ òṣèlú, àti ìwé mẹ́wàá. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ akọ̀wé gan-an, wọ́n ń bi í jù bẹ́ẹ̀ lọ!

Ọ̀gá mi ní ẹni tó bá ti ṣe gómìnà rí ni ká yàn. Yar'Adua ṣe gómìnà Katsina fún ọdún 8, àmọ́ nígbà tó di ààrẹ, àìsàn ò jẹ́ kó lo sáà rẹ̀ tán. Ọdún 2010 ló kú sórí oyè. Ṣé ó burú ká béèrè ìlera wọn? Àwọn gómìnà àtijọ́ ńkọ́: gbèsè tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ ń wò ni, àbí owó oṣù àwọn tíṣà?