Báwo ni mo ṣe lè fi ẹlòmíràn rọ́pò àgbà ọ̀jẹ̀ wa?

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín. Èmi ni mò ń kọ́ ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù àdúgbò wa ní Bronx. Ẹ̀gbọ́n tó ń bá wa dúró ní shortstop, ipò ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù mú láàárín béèsì kejì àti ìkẹta, ti pé ọmọ ọdún 41, àwọn sì ni òpó tó gbé wa ró láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, bọ́ọ̀lù kan yí nílẹ̀ wá sí apá òsì wọn. Wọ́n nawọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò tètè tẹ̀lé wọn, bọ́ọ̀lù náà sì gba abẹ́ ìbọ̀wọ́ wọn kọjá. Wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń fi bàtà tẹ́ iyẹ̀pẹ̀ iwájú wọn. Ó dùn mí gan-an.

Mo rántí Yankees, ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ńlá ti New York. Nígbà tí eegun ọrùn ẹsẹ̀ Derek Jeter, shortstop wọn, ṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá 2012, ìdíje 17 péré ló lè gbá ní 2013, kò sì sí ẹni tó kún ipò náà. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ní 2014, Didi Gregorius dé láti rọ́pò rẹ̀, orúkọ Jeter sì ni àwọn òǹwòran kan ń ké mọ́ ọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Síbẹ̀, Gregorius gbá home run (bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kọjá ògiri pápá) 27 ní 2018.

Ọmọ ọdún 19 kan wà lọ́dọ̀ wa tí ọwọ́ rẹ̀ yá, àmọ́ tí jíjù rẹ̀ kò tíì gún. Ṣé kí n gbé ẹ̀gbọ́n lọ sí béèsì kìíní ni, tàbí kí àwọn méjèèjì máa pín in ṣe? Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí àrífín?